Yàrá Márùn-ún Ọ̀wẹ̀, Yàrá Márùn-ún Báǹkì

Ní àkókò tí owó epo rọ̀bì ń rọ̀ bí òjò lórí ilẹ̀ wa, inú báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Báǹkì wa ní Ọ̀mù-Àrán ò tóbi, ilé ilẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n yàrá ìkówósí wà lẹ́yìn rẹ̀, irin tó nípọn ju itan mi lọ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí máníjà kọ́kọ́ ṣí i lójú mi, òórùn owó tuntun gbá mi nímú. Mo ní nínú ọkàn mi pé, "Háà! Ṣé ọmọ ènìyàn ló kó gbogbo èyí jọ?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù báǹkì bí ẹní ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ń so táì, mo ń jókòó nídìí tábìlì tí a ti ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ yá owó, mo sì gbà pé kò sí ohun ńlá tí a lè kọ́ láyé tí kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni owó rẹ̀ yóò ti jáde.

Ẹ má bú mi. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan owó tuntun, ojú rẹ̀ á fọ́ díẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ń kọ́lé nígbà náà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó páànù àti sìmẹ́ǹtì wálé, bí ọdún Kérésì bá sì ti dé, ìró òòlù kì í jẹ́ ká gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Òrò, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá lọ. Mo mọ ọmọkùnrin mẹ́fà tó háyà yàrá kan, tí wọ́n ń sùn ní ìpín-ìpín. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo nígbà náà kò yàtọ̀ sí ẹni tó ní oko kòkó.

Ibẹ̀ ni bàbá ìyàwó mi ti rí ọ̀nà. Ọmọ Òrò ni wọ́n, àgbẹ̀ tó ń ta obì àti iṣu, ènìyàn gíga tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wọn, kò sí ọkùnrin. Àbíkẹ́yìn ni mo fẹ́. Bàbá ti fi owó obì ra ilẹ̀ kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá síbẹ̀, kí wọ́n máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dàgbà tán kí àwọn máa ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ nítorí owó iyọ̀.

Ni wọ́n bá pe àwa àna mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Àna àgbà jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsánlú-Ìsin, ọkùnrin kúkúrú tí àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ààfin. Àna kejì jẹ́ káfíńtà ní Àrán-Ọ̀rin, aláwàdà. Èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gbẹ́ni báǹkì.

Bàbá ní, "Mo fẹ́ kọ́lé. Owó ọwọ́ mi ò tó. Kí lẹ rí sí i?"

Àna àgbà ò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dààmú. Ọgbọ̀n èèyàn ni màá kó wá láti Ìsánlú. Bí amọ̀ bá ti wà, ilé ti wà."

Káfíńtà ní, "Igi òrùlé wà lọ́rùn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bá mi kàn án. Ẹ ṣáà ti jẹ́ kí iyán pọ̀, torí àwọn káfíńtà Àrán-Ọ̀rin, ikùn wọn ò mọ bàbá ẹnìkankan."

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún bàbá ìyàwó ẹni, ó ní ẹ̀tọ́ láti ké sí àna rẹ̀. Àna á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá ṣe iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀, oúnjẹ nìkan ni wọ́n máa jẹ. Lọ́jọ́ ọ̀la, bí tiwọn náà bá délẹ̀, ìwọ náà á lọ. Iye ènìyàn tó bá tẹ̀lé ọ wá ni wọ́n á fi mọ irú ẹni tí o jẹ́ ní ìlú rẹ.

Èmi ńkọ́? Mo dìde dúró, mo tún táì mi ṣe. Mo ní, "Bàbá, ayé ti lajú. Ta ló tún ń fi amọ̀ kọ́lé? Ilẹ̀ yín ní ìwé. Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé náà lọ sí báǹkì, báǹkì á yá yín lówó, bíríkìlà á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láàárín oṣù díẹ̀, owó ilé á sì máa san gbèsè fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Tí mo bá fi owó báǹkì kọ́ ọ, ta ni màá gún iyán fún lọ́jọ́ tí ilé bá parí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìbéèrè ará oko ni. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi mí nídìí tábìlì báǹkì, kò sí èyí tó jinlẹ̀ tó ìyẹn.

Bàbá kì í fẹ́ kí ojú ti ọmọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí a pín in. Ọ̀wẹ̀ máa kọ́ yàrá márùn-ún ọwọ́ ọ̀tún, owó báǹkì máa kọ́ márùn-ún ọwọ́ òsì, ọ̀nà àbáwọlé á wà láàárín. Àna àgbà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní ó dáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé wọ́n fi mí wé amọ̀.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ dé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá. Mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi páálí míńírà ẹlẹ́rìndòdò kan ránṣẹ́, mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Lọ́sàn-án, mo gun alùpùpù lọ síbẹ̀, mo dúró sórí títì kí amọ̀ má baà ta sí bàtà mi. Kí n má purọ́, mo lọ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹnu mi ò lè pa dé. Wọ́n ju ogójì lọ. Àwọn kan ń walẹ̀, àwọn obìnrin ń ru omi láti odò, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dì mọ́ra wọn léjìká nínú kòtò amọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kọrin, amọ̀ pupa ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó wà lókè ń sọ ìṣù amọ̀ sí ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sí èyí tó jábọ́. Àna àgbà dúró lórí ògiri, ó ń gbá a pọ̀, òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti yí yàrá márààrún ká, ó ga dé orúnkún. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n padà wá lé ìpele kejì lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ògiri fi kan ibi òrùlé. Kò sí ẹni tó gba owó, kò sí ẹni tó buwọ́ lu ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo dúró lórí títì, mo ń wò wọ́n, nǹkan kan ń ṣe mí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gun alùpùpù mi, mo padà sídìí tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ kan náà tí káfíńtà ń kan òrùlé ọ̀tún ni Bàbá wá sí báǹkì wá tẹ̀ka. Ẹ jẹ́ n rọra sọ eléyìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Máníjà kì í ṣe Yorùbá. Èmi ni mo ń ka ìwé náà ní gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n fi fìlà sórí itan, wọ́n ń gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Mo ka iye owó. Mo ka èlé rẹ̀. Mo ka iye ọdún. Mo wá dé ìlà kan. Ìlà náà ní bí ẹni tó yá owó kò bá lè san án, tàbí bí ó bá kú, báǹkì lè ta ilẹ̀ náà àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, ẹ gbọ́, àti òsì àti ọ̀tún.

Ní ilẹ̀ wa, àna kì í la ẹnu sọ ibi sí bàbá ìyàwó rẹ̀. Bí o bá kí wọn, o ó dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó burú, o ó wá ọ̀nà tó dáa gbé e gbà. Báwo ni mo ṣe máa wo ojú àgbà tó fún mi ní ọmọ, kí n ní, "Bí ẹ bá kú, a ó ta ilé yín"? Máníjà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá ní, "Kí ni ìyẹn wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ó pẹ́ nínú ilé náà, Bàbá."

Wọ́n ní, "Àmín o," wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò wọn sínú tàdáwà, wọ́n fi lé ìwé.

Ilé náà parí. Wọ́n rẹ́ ẹ tọ̀tún tòsì, wọ́n fi ọ̀dà kan náà kùn ún, ẹni tó bá ń kọjá lọ ò lè mọ èyí tó jẹ́ amọ̀ àti èyí tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí ooru oṣù kẹta bá dé, wọ́n á máa jà du ọwọ́ ọ̀tún, torí ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Lóṣooṣù ni Bàbá máa ń wọ mọ́tò láti Òrò wá sí Ọ̀mù-Àrán, wọ́n á tú ìdí aṣọ, wọ́n á kó owó ilé síwájú mi, wọ́n á ní, "Fún báǹkì rẹ." Mo ń yangàn. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú tábìlì mi pé bàbá ìyàwó mi gan-an nìyẹn, ẹ wò ó.

Nígbà tí nǹkan yí padà, kò kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní epo rọ̀bì ti wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. A ò mọ ibi tí ọjà yẹn wà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì di àwátì, pé mílíìkì inú agolo di ohun tí a ń ra fún aláìsàn nìkan, pé àwọn olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó rí ti ẹyọ kan gbà. Ọmọ olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayálégbé Bàbá. Àwọn kan kó jáde, àwọn kan ń fi iṣu àti gààrì san owó ilé. Báǹkì ò gba iṣu. Nígbà tó tún yá, náírà ṣubú, èlé orí owó báǹkì sì ń gun òkè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá Bàbá ní Òrò. Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n á ká a sínú fìlà, wọ́n á gbé e wá fún mi. "Bá mi kà á. Kí ni wọ́n wí?"

Màá ní, "Wọ́n kí yín, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ túbọ̀ máa gbìyànjú."

Màá sì mú nínú owó oṣù mi, màá fi kún ti Bàbá. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí ọwọ́ èmi náà ò fi ká a mọ́. Mo kó àwọn lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ìyàwó mi ń wá aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ó rí wọn. Olùkọ́ ni òun náà, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kà wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti fi bàbá mi dógò?"

Mo ní, "Mi ò fi wọ́n dógò. Mo kàn…"

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Lónìí."

Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì mo ní ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ojo lásán ni mo jẹ́, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Nígbà tí mo ń fi ọjọ́ dọ́jọ́ lọ́wọ́, báǹkì lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé náà pé àwọn máa tà á ní gbàǹjo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé níbẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Ẹ wo ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ ọ! Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ, ó gba Òrò lọ. Kò bá mi jà. Ó ní kí n máa rántí sé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bàbá ò ránṣẹ́ pè mí. Mi ò sì lọ.

Ọjọ́ gbàǹjo pé. Olùtajà tí báǹkì gbé wá láti ọ̀nà jíjìn ò gbọ́ Yorùbá. Máníjà kọjú sí mi, ó ní èmi ni màá ṣe ògbufọ̀. Mo ní inú ń run mí. Ó ní kí n gbé inú rírun náà wọ mọ́tò. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo jókòó sẹ́yìn bí ẹni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdájọ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rò pé ọjà ló bọ́ sí ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé etí títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀. Àwọn ará Ìsánlú-Ìsin tó tẹ amọ̀ lọ́jọ́ sí nìyí, orí àwọn kan ti funfun. Àwọn káfíńtà Àrán-Ọ̀rin nìyí. Àwọn obìnrin tó ru omi nìyí, àwọn kan gbé ọmọ-ọmọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mú igi tàbí àdá dání, kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n kàn jókòó. Bàbá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kò wo ibi tí mo wà.

Olùtajà lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, ó wá kọjú sí mi.

Ìlà yẹn kan náà ni. Mo wo Bàbá. Mo túmọ̀ rẹ̀: "Bàbá, wọ́n ní nítorí gbèsè báǹkì tí kò tíì tán, àwọn máa ta ilé yìí, tọ̀tún tòsì." Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti há sí mi lọ́fun fún gbogbo ọdún yẹn ti já. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ka. Mo rí i. Mi ò kà á fún yín. Ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà ò sí nínú ìwé rárá. Èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ tòun ti kóòtù.

Olùtajà bi máníjà léèrè bóyá gbogbo ìyẹn ni òun sọ.

Bàbá ní, "Dìde. Jẹ́ kí àlejò ṣe iṣẹ́ tó bá wá."

Olùtajà dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó dín in kù. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi máńgòrò, a gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún dín in kù, ó wá dé iye tó jẹ́ pé èmi gan-an ìbá yá owó rà á. Oníṣòwò kan wà níbẹ̀, olówó tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá nítorí ilé náà. Mo rí i tó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Àna àgbà yí ọrùn padà, ó wò ó, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀wẹ̀ lẹ fẹ́ rà ni?"

Ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ yẹn họrí. Ó wúkọ́, ó ní òun kàn yà kí àwọn ènìyàn ni.

Mo ti rí owó tó kún yàrá dé àjà. Mo ti rí àwọn ọ̀gá tó fi ẹnu kan ṣoṣo pàṣẹ kí a kó o fún ẹnì kan tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí agbára tó dà bí èyí rí. Àgbẹ̀ tó jókòó sínú erùpẹ̀, tí kò mọ̀wé, tí kò gbé ohùn sókè, tí gbogbo owó báǹkì ò sì lè kọjá níwájú rẹ̀! Báǹkì bi Bàbá pé kí ni wọ́n ní, wọ́n dáhùn pé ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ta ni wọ́n ní.

Olùtajà pariwo iye ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti agogo rẹ̀ bọ àpò, wọ́n lọ. Mi ò bá wọn wọ mọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, báǹkì gbà kí Bàbá máa san owó tí wọ́n yá gan-an díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dárí èlé tó gun orí rẹ̀ jì wọ́n, torí ilé tí kò sẹ́ni tó máa rà á, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tèmi ti dé ṣáájú ìyẹn. Kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ìyàwó mi ṣì wà ní Òrò. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ní, "O kú iṣẹ́," tí wọ́n á sì máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Àgbàrá ti jẹ ìdí ògiri ọwọ́ òsì. Búlọ́ọ̀kù ti ń là. Òjò ńlá ò ní pẹ́ dé. Mo fẹ́ ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ọ̀wẹ̀! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ní kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna tí mi ò ṣe. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n dá ṣòkòtò àkọ́kọ́ fún. Mo sáré lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ní báǹkì. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èkejì ní òun ní ìkómọ ní Ìlọrin. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Àwọn tí a jọ dàgbà ní Ọ̀mù-Àrán ṣì wà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ta ló rí mi? Nígbà tí wọ́n ń kó ìkórè, ta ló rí mi? Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn, mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo padà sílé. Mi ò sì lè bẹ àwọn àna méjèèjì. Wọ́n ti ṣe tiwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi nìkan ni mo dé Òrò. Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo gbé ọkọ́ léjìká. Àwọn ará àdúgbò ti dúró láti wo àwọn tí àna báǹkì máa kó wá. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Ìyá àgbàlagbà kan pa òṣé.

Bàbá ti jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni ipò wọn. Ẹni tí wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ìjókòó rẹ̀ ni iyì rẹ̀, òun ló fi ń hàn pé òun bímọ, òun sì ní àna. Wọ́n bi mí pé, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò ní."

Mo dìde, mo walẹ̀, mo bu omi sí i, mo bọ́ sínú amọ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń tẹ̀. Bí o bá ti fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì á ti rì. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ti dìde. Wọ́n bọ́ bùbá wọn, wọ́n fà á lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè dé orúnkún. Ìyá àgbàlagbà yẹn ké, "Èèwọ̀! Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe!" Ìyàwó mi na ọwọ́ láti dì wọ́n mú, wọ́n rọra yọ apá kúrò. Wọ́n bọ́ sínú amọ̀ lọ́dọ̀ mi, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì na ọwọ́ lé mi léjìká bí àwọn ọkùnrin tó ń tẹ amọ̀ ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n kọjú sí àwọn tó dúró. Wọ́n ní, "Ẹ ti ń bèèrè ẹgbẹ́ tó kó wá. Èmi nìyí."

Ẹkún bú lẹ́nu mi. Mi ò lè dá a dúró, èmi bàbá ọmọ mẹ́rin. Bàbá ò wò mí. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn tínrín yọ nínú amọ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Wọ́n ní, "Má sunkún sí amọ̀ mi. Omi tí o bù sí i ti tó."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, a sì jọ ń tẹ̀ ẹ́ lọ.